Kí ni mo lè máa yà lójoojúmọ́ tí ò ní tètè sú mi?

Ìyá POS: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. POS ni mò ń ṣe ní Ṣágámù, ẹ̀gbẹ́ Sábó níbí, láti àárọ̀ di alẹ́ mo ti jókòó sábẹ́ àgbòòrùn, oníbàárà á wá gbowó á lọ, kí ẹlòmíì tó dé màá ti fi fóònù wo gbogbo ìranù tó wà láyé. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì mo máa ń yàwòrán dáadáa, tíṣà wa a máa gbé ìwé mi lọ han kíláàsì míì. Àtìgbà tí mo ti bímọ, mi ò ya nǹkan kan mọ́. Lọ́dún tó kọjá mo rí àwọn tó ń ṣe Inktober, pé kéèyàn máa fi íǹkì yàwòrán kan lójúmọ́ fún gbogbo ọjọ́ 31 tó wà nínú October, mo ní kí n bá wọn ṣe é, ọjọ́ kẹfà ni mo já a sílẹ̀. January mo tún bẹ̀rẹ̀ ti fọ́tò, ìyẹn ẹyọ kan lójúmọ́ títí ọdún á fi parí, ọjọ́ kọkànlá ló pin sí. Lísìtì tí wọ́n ń tẹ̀ lé á ní lónìí kéèyàn ya yìnyín. Yìnyín ní Ṣágámù? Bàálé mi ní ṣé ìyẹn la máa fi san skúùlù fíìsì. Fóònù mi kì í ṣe ti olówó o, ibi tí mo jókòó sí gan-an ò sì rẹwà, kò ju gọ́tà, ọ̀kadà àti apẹ̀rẹ̀ obì lọ. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo lè máa ṣe?

Ọmọ Aláre: Yìnyín kún inú kúlà àwọn tó ń ta mínírà níwájú ẹ níbẹ̀ yẹn, o ò kàn fẹ́ dìde ni 😂

Ìyá POS: 😂😂 Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín kú. Mi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀.

Bọ̀dá Fọ́tò: Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni fọ́tò níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kóo tó dá fóònù lẹ́bi, kọ́kọ́ fi etí aṣọ nu ojú kámẹ́rà ẹ̀, ọ̀rá ọwọ́ ló ń jẹ́ kí fọ́tò dà bíi pé kùrukùru bò ó. Èkejì, má máa fi ìka méjì fẹ nǹkan wá láti òkèèrè, fóònù kàn ń gé fọ́tò yẹn tóbi sí i ni, ó máa bàjẹ́, dìde kóo rìn lọ bá nǹkan ọ̀hún. Ẹ̀kẹta, ọ̀sán gangan ò dáa fún ojú èèyàn, oòrùn á wà lókè orí, ihò ojú á dúdú. Aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, tàbí márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, gọ́tà gan-an á lẹ́wà. Ní ti pé ibi tóo wà ò rẹwà, Ojúde Ọba 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayé kan, gbogbo wa la dojú kámẹ́rà kọ ẹṣin àti aṣọ olówó ńlá. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú tèmi lọ́jọ́ náà, ti obìnrin kan ni, ó ti bọ́ bàtà gogoro sọ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó rà á o, àmọ́ òun ni mo máa ń wò.

Mo-wí-tèmi: Èmi ò rí èrè tó wà níbẹ̀. Dátà ẹ á kàn tán. Tó bá ti sú ẹ, fi sílẹ̀ jàre.

Ìyá POS: Yíyà kì í jẹ dátà kẹ̀, gbígbé e síta ló ń jẹ ẹ́.

Tíṣà Ìpẹru: Má wulẹ̀ gbé e síta nígbà náà. Ohun tó pa yíyà ojoojúmọ́ tèmi gan-an nìyẹn lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń ka iye èèyàn tó tẹ lááìkì, tí wọn ò bá ti pé mẹ́wàá inú mi á bàjẹ́. Ìyá wa, ẹ pa lísìtì àwọn olóyìnbó tì, ẹ mú nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo kẹ́ẹ máa yà á títí oṣù á fi parí. Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa, irun dídì àti irun olówùú, ohun tí gbogbo wa ń rí lójú títì lójoojúmọ́, ó yà á fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò, ẹ̀yìn orí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin náà wá dárúkọ apẹ̀rẹ̀ obì, ẹ kàn kọjá lọ bíi pé pàǹtí ni! Ṣágámù, ìlú obì! Òmíì funfun, òmíì pupa, òmíì wà láàárín méjèèjì. Gbàǹja àwẹ́ méjì, àbàtà àwẹ́ mẹ́rin. Ẹ ya ewé tí wọ́n fi ń bò ó, ẹ ya èyí tí kòkòrò ti lu. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá dí, ẹ fi bírò yà á sẹ́yìn ìwé POS, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ẹ má kàn jẹ́ kí ìwé yẹn pẹ́ níbi tó gbóná, ó máa ń dúdú.

Alhaja Aláṣọ: Tíṣà sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, tọrọ àyè kóo tó ya ọlọ́jà. Ọjà Òkè-Ajé ni ọmọdé kan ti yà mí, mo ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ tèmi jẹ́ẹ́jẹ́, ẹnu mi kún báyìí, lálẹ́ mo rí ara mi lórí sítétọ́ọ̀sì ọmọ àbúrò mi. Inú bí mi dé góńgó.

Ọmọ Aláre: Alhaja, ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ ká rí i 🙏

Alhaja Aláṣọ: O ò níṣẹ́ ṣe.

Ìyá POS: Tí mo bá wá fo ọjọ́ kan ńkọ́? Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Bọ̀dá Fọ́tò: San án padà. Ya méjì lọ́jọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀lẹ á wọlé.

Tíṣà Ìpẹru: Rárá o bọ̀dá, gbèsè yẹn ló ń lé èèyàn sá. Mo fo ọjọ́ mẹ́rin tí mo ṣàìsàn, tó bá jẹ́ pé mo ní kí n san án ni, mi ò bá má padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ẹ bá ara yín.

Bọ̀dá Fọ́tò: Ẹ̀yin tíṣà ló ń ba ọmọ jẹ́ 😅

Ìyá POS: Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ kẹrin rè é. Mo bẹ màmá tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya ọwọ́ wọn, wọ́n ní "ọwọ́ mi tó rí báyìí? Dúró kí n lọ fọ̀ ọ́." Mo ní mà-á-mí ẹ má fọ̀ ọ́ o. Oje obì ti pọ́n ìka wọn débi pé mi ò mọ ibi tí obì parí sí tí èékánná bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà la ti jọ jókòó níbí o, mi ò wo ọwọ́ yẹn rí! Àmọ́ bọ̀dá, obì funfun tí wọ́n mú dání kàn ń tàn yanran ni, ara ẹ̀ ò hàn, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Fọ́tò: Fi ìka tẹ obì yẹn lójú fóònù. Àmì oòrùn kékeré á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kóo tó yà á.

Ìyá POS: Ó ti hàn! Títí kan ìlà tó là á sí méjì. Ẹ ṣeun sà, oníbàárà ti dé, ẹ jẹ́ n lọ ka owó.