Ọbẹ̀ mílíìkì tí mo fẹ́ fi gbé edé kalẹ̀ dì mọ́ mi lọ́wọ́

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Alásè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alásè ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá kí n má dá a gbé mì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Edé kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń rán mi lọ sí ọjà Olúwo ní kùtùkùtù, mo sì mọ edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ọ̀sà yàtọ̀ sí èyí tó ti sùn lórí yìnyín. Ẹ ní kí n fi ata dín in, ẹ ní kí n gún gbígbẹ rẹ̀ sínú ẹ̀fọ́, ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ní Ṣùúrùlérè ń ṣe ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀, àwo 15, ó ní edé ńláńlá nínú ọbẹ̀ funfun lòun fẹ́, èyí tó ki, tó ń dán, tó ń rọra ṣàn bọ́ lára edé bí òun ṣe rí i lórí fóònù. Mo ní kò burú. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ohun tí mo ṣe rèé. Edé kílò 2, mo bó o, mo da orí àti èèpo rẹ̀ nù. Mo yọ́ bọ́tà nínú páànù fífẹ̀, mo da aáyù ẹyọ 6 tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà. Nígbà tó ń ta sánsán, mo kó edé sí i, ó pọ́n, ó ká kò. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ 2 lé e lórí kí òórùn omi lè kúrò. Ni mo bá já mílíìkì olómi agolo 3, mo dà á sí i, mo jẹ́ kí iná máa jó dáadáa kó lè tètè ki.

Ìṣẹ́jú 5 kò pé. Mo wo inú páànù: omi ràndánràndán nísàlẹ̀ bí omi ìfọṣọ, kóro funfun wẹ́wẹ́ lókè, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara edé bí ẹyin tó fọ́. Mo rò ó, ó tún burú sí i. Mo wá nǹkan tí màá fi mú un ki, kò sí kọ́ńfùláwà nílé, mo bá po ògì síbí kan sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ki lóòótọ́, àmọ́ ó kan, ó sì ń rùn bí ẹ̀kọ mímu tí ẹnì kan gbàgbé edé sínú rẹ̀. Edé fúnra rẹ̀ ti le bíi sílípáàsì.

Mo fi owó ara mi ra edé mìíràn, mo fi ata àti tòmátì dín in, mo bẹ obìnrin náà. Ó gbà, àmọ́ ó ní kí n tún ọbẹ̀ funfun náà ṣe wá fún òun ní Sátidé tó ń bọ̀, àwo 6 péré. Ṣé mílíìkì ni kò dáa ni, àbí iná, àbí ọwọ́ mi?

Ará Ìlọrin

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò se ọbẹ̀, wàrà lẹ ṣe.

Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà wà lẹ́yìn ilé wa, mo máa ń jókòó tì wọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, wọ́n á da omi ewé bọmubọmu sí i, wọn ò sì ní kánjú. Tó bá yá, yóò pín sí méjì: èyí tó dì yóò léfòó, omi rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Ibi tí kò bá sí bọmubọmu, wọ́n lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin náà fi iná ṣe é, ẹ fi ọsàn ṣe é, ẹ wá ní kó má dì?

Purotéènì inú mílíìkì ló máa ń so mọ́ ara wọn bí kíkan bá bá wọn lórí iná. Mílíìkì agolo náà kò bọ́ nínú rẹ̀: wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Purotéènì tó kù ti fún pọ̀ síbẹ̀. Inú tíì ló ti dùn.

Ọsàn yẹn, ìgbà tí ẹ bá ti sọ páànù kalẹ̀ ni kí ẹ fún un sí i, kó má sì ju ìlàjì ẹyọ kan lọ.

Bàbá Ẹlẹ́ja

Kí ni mílíìkì ń wá nínú edé? Ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa, ó tán. Ẹ ń fìyà jẹ edé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Alásè

Bàbá, ẹnu yín kò ní kan. Àmọ́ ẹni tó sanwó ló ni ọbẹ̀.

Ará Ìlọrin, ẹ ṣeun. Wàrà! Ojú tì mí. Mo ń jẹ wàrà láti ọjọ́ yìí, mi ò ronú kàn án rí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lọ́ńdọ̀nù

Àǹtí, ẹ kú ìnáwó edé. Ilé ìdáná ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọdún 9 rèé, ìdí ẹja ni wọ́n fi mí sí. Òótọ́ ni Ará Ìlọrin sọ, àmọ́ kì í ṣe mílíìkì ló dùn mí jù nínú ìtàn yín. Ẹ ní ẹ da orí àti èèpo edé nù! Àǹtí! Ibẹ̀ ni ọbẹ̀ wà.

Ẹ kó orí àti èèpo yẹn, ẹ yan án nínú bọ́tà díẹ̀ lórí iná líle títí yóò fi pọ́n bí osùn. Ẹ fi ẹ̀yìn síbí tẹ àwọn orí náà fọ́, nǹkan pupa tó wà nínú wọn ló ń gbé adùn, kó jáde sínú bọ́tà. Ẹ da omi sí i kó kàn bò ó, kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún 20 ìṣẹ́jú, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Omi yẹn lẹ máa gbé padà sórí iná, kó gbẹ títí yóò fi ku ife tíì kan. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà yẹn. Ẹ ò ní fẹ́ fi iyọ̀ sí i mọ́.

Ẹ wá da kírímù, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ré kúrò lórí mílíìkì, sí i. Èyí tí à ń lò níbí, ọ̀rá inú rẹ̀ tó ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí àwọn aṣekéèkì ń rà ní Èkó sábà máa ń tó 35. Mílíìkì agolo yín kò tó 10. Bí ọ̀rá bá ti pọ̀ tó báyẹn, purotéènì kò ráyè gbá ara wọn mú, ẹ lè jẹ́ kó hó kó sì ki fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣe é. Àmọ́ ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó! Àwọn kan wà tó jẹ́ òróró ewéko ni, wọ́n sì ti fi ṣúgà sí i fún orí kéèkì. Edé oníṣúgà kọ́ ni obìnrin yẹn rí lórí fóònù.

Bó bá jẹ́ pé agolo nìkan ni agbára ká, ẹ fi omi tútù po kọ́ńfùláwà síbí kékeré kan, kí ẹ dà á sínú mílíìkì kó tó gbóná rárá. Ó máa ń há sáàárín purotéènì, wọn ò ní lè tètè so. Kí iná wà nílẹ̀ pátápátá. Ògì yẹn ń ti ìkòkò rẹ̀ kan bọ̀ láti ọjọ́ kẹta ni, àfikún ọsàn lẹ fi sí i.

Edé gan-an: iyọ̀, ata, ìṣẹ́jú kan lójú kìn-ín-ní, ìṣẹ́jú kan lójú kejì, ẹ kó o jáde. Bó bá tẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó ti jinná. Bó bá ká bí òrùka, sílípáàsì nìyẹn. Ọbẹ̀ ló máa dúró de edé. Edé kì í gbé inú ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi ki.

Bẹ́ ẹ bá ti pa iná, ẹ gé bọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fíríìjì jáde wẹ́wẹ́, ẹ máa jù ú sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yí páànù. Dídán tí obìnrin yẹn ń fẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn ará Nantes ní ilẹ̀ Faransé tiẹ̀ ní ọbẹ̀ kan tó jẹ́ pé bọ́tà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, beurre blanc lorúkọ rẹ̀: wáìnì funfun, fínígà àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè títí ó fi ku síbí 2, wọ́n á wá máa po bọ́tà tútù sí i. Lójú tèmi kò sí ọbẹ̀ ẹja tó jù ú lọ. Òun ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́ fi dán mi wò, mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá gbóná kọjá nǹkan bí 58 ní ìwọ̀n Celsius, bọ́tà á di òróró, á gun orí omi. Ẹ má gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, kò ṣe é gbé rìn.

Bó bá sì jẹ́ òróró ló yọ sọ́tọ̀ nínú ọbẹ̀ yín, ẹ má dà á nù. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ju ègé yìnyín kan sí i, ẹ pò ó kíákíá, ó lè padà. Èyí tó bá dì bíi wàrà ni kò sí àdúrà fún.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kì í ra kírímù. Àgbọn ni. Àwọn bàbá wa tó ti Brazil padà wá kò fi frejon ṣeré ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde: ẹ̀wà tí wọ́n sè rà, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi oje àgbọn sè títí tó fi ki, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Ní Bahia ní Brazil lọ́hùn-ún, oje àgbọn àti epo pupa ni wọ́n fi ń se ẹja àti edé tí wọ́n ń pè ní moqueca. Vatapá ń kọ́: búrẹ́dì, oje àgbọn, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kaṣú, atalẹ̀, epo pupa, wọ́n á rò ó títí á fi dán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú àkàrà. Bàbá Ẹlẹ́ja, ẹ rí i pé epo yín wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Àgbọn 2, ẹ rin ín, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife 2 sí i, ẹ fún un, ẹ gbé ìfún àkọ́kọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nípọn. Ẹ tún da omi sí háhá rẹ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì, fífúyẹ́ nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ lẹ máa fi se ata, atalẹ̀ àti omi èèpo edé tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wí. Èyí tó nípọn, ìgbà tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ni kó wọlé, iná wẹ́rẹ́, ẹ má dé e, ẹ má jẹ́ kó hó gùdùgùdù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró rẹ̀ á yọ. Bó bá yọ nílé wa, ìyá mi á ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oníbàárà yín ní funfun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Alásè

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Alẹ́ àná ni mo dán an wò, edé ìlàjì kílò, kí n má tún jẹ gbèsè.

Mo yan èèpo. Àwọn ọmọ mi jáde láti yàrá, wọ́n ní kí ni mò ń dín. Nígbà tí mo tẹ orí edé fọ́, bọ́tà pọ́n bí epo pupa àkọ́fún, mo dúró mo ń wò ó. Láti ọdún wo ni mo ti ń da orí edé fún ológbò? Mo sẹ́ ẹ, mo gbẹ ẹ, mo pín in sí páànù 2: kírímù nínú ọ̀kan, oje àgbọn nínú èkejì. Páálí kírímù àkọ́kọ́ tí mo mú ní ṣọ́ọ̀bù, ṣúgà ló wà lára rẹ̀ nípò kejì. Mo dá a padà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin lẹ yọ mí.

Ti kírímù kò funfun tán, ó pọ́n díẹ̀ bí ọsàn, ó dán, ó sì ń fà tẹ̀lé síbí. Ti àgbọn dùn jù ú lọ lẹ́nu tèmi, àmọ́ mo yà sí fóònù, ó hó lẹ́ẹ̀kan, òróró sì yọ sí etí páànù bí Ọmọ Pópó ṣe wí. Mo ju yìnyín sí i, ó padà díẹ̀, kò padà tán. Ọkọ mi jẹ ẹ́ tán, ó tún fi búrẹ́dì nu páànù, kò bi mí léèrè òróró.

Mo gbé àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ó ní òun fẹ́ méjèèjì, àwo mẹ́ta-mẹ́ta. Wàhálà tó kù ni pé láti ibi tí mo wà dé Ṣùúrùlérè ní ọ̀sán Sátidé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba wákàtí 2. Ṣé kí n po edé mọ́ ọbẹ̀ nílé ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lọ́ńdọ̀nù

Rárá o! Ọbẹ̀ sínú fúláàsìkì, fúláàsìkì kan fún kírímù, ọ̀kan fún àgbọn, kí ẹ fi omi gbígbóná ṣan inú wọn kọ́kọ́. Edé sínú kúlà lórí yìnyín, tútù, ẹ ti bó o, ẹ ti fi iyọ̀ àti ata sí i. Páànù kan àti bọ́tà díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ìṣẹ́jú 2 ni edé nílò lórí gáàsì obìnrin náà, kó tó ṣètò àwo lẹ ti ṣe tán. Bọ́tà tútù ìkẹyìn yẹn, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti fi í sí ti kírímù.

Bàbá Ẹlẹ́ja

Bí edé bá ṣẹ́ kù, ẹ bá mi dín tèmi lọ́tọ̀. Epo pupa.