Bíréékà tó ń já nínú travel trailer àtijọ́: ẹ sọ tiyín

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tó ní travel trailer, ilé kékeré tó ní táyà tí a ń fi mọ́tò fà, ò pọ̀ láàárín wa, àwọn tó sì ní i, ti àtijọ́ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn, torí owó tuntun kì í ṣe owó eré. Tèmi, ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é. Galveston létí òkun la máa ń fà á lọ tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé. Òrùlé rẹ̀ ò jò, táyà rẹ̀ dáa, àfi wàhálà bíréékà, ohun tó ń pa iná fúnra rẹ̀ tí ẹrù bá pọ̀ jù.

Bó ṣe ń ṣe nìyí: AC á ti máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ara á tu gbogbo wa. Ìyàwó mi á gbé ọbẹ̀ sínú maikirowéfù, kò ní pẹ́, bíréékà ńlá á já, gbogbo ilé á dákẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọbẹ̀ á gbóná, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rú mi lójú. Oníṣẹ́ tí mo pè ní kí n pààrọ̀ gbogbo bíréékà pátá. Mo ní kó jẹ́ kí n fi bírò ṣírò rẹ̀ ná.

Ámpì 30 ni ọkọ̀ yìí ń gbà, lórí fóltì 120. Ìyẹn jẹ́ wáàtì 3,600, ó parí. AC orí òrùlé, 13,500 BTU (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára AC), ń jẹ bí ámpì 14 nínú oòrùn Texas. Maikirowéfù ń jẹ bíi 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26, ó ṣì yẹ kó gbé e. Kí ló wá ń jẹ ìyókù? Mo yí ọkọ̀ po, mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó bo hítà omi níta, mo bá switch kan bàyìí níbẹ̀ tí ẹni tó tà á fún mi ti tàn sílẹ̀. A ṣe bí gáàsì nìkan ló ń gbé omi wa gbóná! Iná náà wà nídìí rẹ̀, wáàtì 1,440, ámpì 12 gbáko. Gbogbo ẹ̀ di 38. Bí omi bá ti gbóná tán, hítà á pa ara rẹ̀, maikirowéfù á ráyè. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí omi tútù wọlé, òkùnkùn dé nìyẹn. Mo pa switch náà, gáàsì la ń lò títí di òní.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin oṣù keje, ibùdó tí a máa ń gbé ọkọ̀ wa sí kún fọ́fọ́, AC gbogbo èèyàn ń ké, bíréékà ńlá tún já, a ò sì tan maikirowéfù. Mo fi mítà wo iná níbi òpó tí a ti ń fà á: fóltì 103. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì, ní Amẹ́ríkà! Ẹ̀yin tó dàgbà nílé ti mọ ìyókù: tí iná bá wálẹ̀, mọ́tò AC á máa fa ámpì kún ámpì. Mo pa á títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a délé, mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná, mo tú orí bátìrì, mo wá ṣí pánẹ́ẹ̀lì. Skúrù tó di wáyà mú lára bíréékà ńlá ti dẹ̀, rọ́bà wáyà ti jóná díẹ̀. Ooru ni bíréékà fi ń mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ bó bá gbóná. Skúrù tó dẹ̀ ń fi ooru tirẹ̀ kún un, ìyẹn ló fi ń já kó tó dé 30. Ọ̀kan yẹn péré ni mo pààrọ̀. Mo gé ibi tó jóná kúrò, mo fún gbogbo skúrù yòókù le.

Ìyá Kékeré, Atlanta

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Tiwa ò tiẹ̀ dúró kí nǹkan kan gbóná. Tí mo bá ti gbé bíréékà hítà sókè, pàá! Ó ti já. Ọkọ mi ní ó ti darúgbó, ó ra tuntun. Òun náà, pàá. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ iná ló wá ní, "Àǹtí, èyí tó ń já lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe ti ẹrù tó pọ̀, nǹkan ti bríìjì níbì kan." Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó tú wáyà méjèèjì kúrò lára irin tó ń gbé omi gbóná. Ó ní láti orí kan sí ìkejì, ó yẹ kí mítà ka bíi ohm 10 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó). Láti orí sí ara táǹkì, kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Tiwa ń kà. Ẹnì kan ló tan hítà nígbà tí táǹkì gbẹ, lẹ́yìn tí a tú omi dànù torí òtútù, irin náà sì jóná. Mi ò ní dárúkọ. Inú ilé mi ló ń gbé, ó sì ń ka èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Tèmi ò já rí ní ibùdó. Gáréèjì ilé mi ni wàhálà wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI, èyí tó ní bọ́tìnì méjì láàárín, kíá ló ń já tí mo bá ti ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, bí mo tilẹ̀ ti pa gbogbo bíréékà inú ọkọ̀. Irú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ń wo iná tó lọ àti èyí tó padà. Tí ìyàtọ̀ bá ti tó nǹkan bíi mílíámpì 5, ó pa á. Ìgbà tí mo ṣí pánẹ́ẹ̀lì ni mo rí i pé ẹnì kan ti so neutral (wáyà tí iná fi ń padà) mọ́ earth (wáyà tó lọ sílẹ̀), bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú ilé. Nínú ọkọ̀, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé. Tí neutral àti earth bá lọ já lójú ọ̀nà, gbogbo ara ọkọ̀ á di oníná, ọmọdé tó dúró lórí koríko tútù tó di ilẹ̀kùn mú ni yóò fi ara gbá a. Mo yà wọ́n, ó tán.

Riwáyà, Dallas

Iṣẹ́ iná ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Ẹnì kan bi mí bóyá òun lè fi bíréékà 30 rọ́pò 20 kó má baà já mọ́. Rárá o! Wáyà nọ́ńbà 12 ló wà lẹ́yìn 20, nọ́ńbà 14 ló wà lẹ́yìn 15. 30 ń fẹ́ nọ́ńbà 10, torí bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù ni ògiri àwọn ọkọ̀ yìí. Iná á ti ràn nínú rẹ̀ kí bíréékà 30 tó mọ̀.

Bí mo ṣe ń wá a: gbogbo bíréékà á wà nílẹ̀, mo gbé ti ńlá sókè, mo wá ń gbé ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já, mo yọ gbogbo ohun tó ń lo iná rẹ̀. Tó bá ṣì ń já, wáyà ni: ibi tó ti ń ha irin abẹ́ ọkọ̀, ibi tí eku ti jẹ ẹ́, tàbí ibi tí ẹni tó fẹ́ gbé àwòrán kọ́ ti ki skúrù bọ ògiri. Ti skúrù yẹn wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìyá Kékeré, Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí sí i. Tí òjò bá rọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ máa ń kú pọ̀, kò sì sí bíréékà tó já.

Riwáyà, Dallas

Àǹtí, GFCI kan ṣoṣo, bóyá ti balùwẹ̀, ló ń ṣọ́ gbogbo wọn, títí kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta. Omi ti wọ ti ìta. Ẹ yọ ọkọ̀ kúrò lára iná, ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wo rọ́bà tó wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀. Tó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì balùwẹ̀. Tó bá tún kú láìsí òjò, ẹ kọ ọ́ síbí.