Fífa jíìpù tí a ti gbé sókè lẹ́yìn RV: ẹ yẹ sitíárì wò kẹ́ ẹ tó gbéra

Ìyá Ìbejì: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ fa Jeep Wrangler wa lẹ́yìn RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn nínú, lọ sí Moab ní Utah, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, láìlo tírélà. A ti fi ínṣì 4 gbé e sókè, táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 37, bọ́ńpà irin àti wíńṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀) sì wà níwájú. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé ó ṣe é fà bẹ́ẹ̀. Ṣé ká máa lọ?

Bọ̀dá Onítírélà: Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì lọ. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ṣe ni ìwé yẹn ń sọ. Ohun tó wí nípa jíà ṣì wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ irin tẹ́ ẹ ti gbé lé e.

Ẹ wa jíìpù náà lọ sórí òṣùwọ̀n níbi táwọn onítírélà ti ń ra epo, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa kó sínú rẹ̀. Wrangler onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ru bọ́ńpà irin, wíńṣì àti táyà ńlá lè kọjá páùn 5,000. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára hitch RV (ìkọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀), sára irin ìfàkọ̀ tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, sára àdápítọ̀ (irin tó wà láàárín hitch àti irin ìfàkọ̀) àti sára ìdè tó wà lára ṣáásì jíìpù. Bí irin ìfàkọ̀ bá gba 10,000 tí hitch sì gba 5,000, 5,000 lẹ ní.

Irin ìfàkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan fi ohun tó ju ínṣì 3 ga ju èkejì lọ. Jíìpù yín ti ga, hitch RV sì wà nísàlẹ̀, ẹ ó nílò àdápítọ̀ tó ń gbé e sókè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, jíìpù á fẹ́ gun irin náà bí ẹni ń gun àkàbà.

Àbúrò Mẹkáníìkì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ti sitíárì kún un, torí ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Tẹ́ ẹ bá ń fa ọkọ̀, kò sẹ́ni tó di sitíárì rẹ̀ mú. Táyà iwájú gbọ́dọ̀ fúnra wọn padà sí títọ́ lẹ́yìn kọ́nà. Caster ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ìyẹn bí òpó tí táyà iwájú fi ń yà ṣe dagun díẹ̀ sẹ́yìn. Béèyàn bá gbé jíìpù sókè, axle iwájú (irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀) á yí, caster á dín kù. Nígbà náà, tí RV bá yà ní kọ́nà tó há, táyà jíìpù lè yí dé òpin, kó dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ lórí ọ̀dà láìmọ̀.

Ẹ wá pápá tó ṣófo. Ẹ wa jíìpù náà jẹ́jẹ́, ẹ yí sitíárì, kẹ́ ẹ sì rọra dẹwọ́. Bó bá lọ́ra, tàbí tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ fà á padà, ẹ má fa ọkọ̀ yẹn lọ ibì kankan. Ẹ gbé e lọ síbi àláìńmẹ́ǹtì, kí wọ́n fi nọ́ńbà caster hàn yín. Control arm (apá irin tó di axle mú mọ́ ṣáásì) tó ṣe é yí gígùn rẹ̀ padà ló sábà máa ń dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kó máa yí sitíárì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù, ẹ fọwọ́ lé oríkèé track bar, irin tí kì í jẹ́ kí axle sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń ta kẹ́kẹ́ lábẹ́ ìka yín, bóòtù ti dẹ̀ tàbí ihò rẹ̀ ti jẹ. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì tó máa ń gbọn gbogbo iwájú jíìpù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ball joint (oríkèé tí táyà iwájú fi ń yà) àti tie rod (irin tí sitíárì fi ń yí táyà) wò bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta stabilizer tuntun (ohun tó ń dín gbígbọ̀n sitíárì kù) fún yín dípò àtúnṣe, ńṣe ló ń bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti orí àpáta, táyà tẹ́ ẹ ti jò sí psi 15, ẹ fọn ọ́n padà. Sway bar (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) tẹ́ ẹ tú, ẹ so ó padà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹnì kan ní ká so irin ìfàkọ̀ mọ́ D-ring, òrùka irin tó wà níwájú bọ́ńpà. Ṣé ó dáa?

Bọ̀dá Onítírélà: Àfi tí ẹni tó ṣe bọ́ńpà bá kọ ọ́ pé ó wà fún irú ìfà yìí. Wọ́n ṣe D-ring láti fa ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ní ojú títì, irin yẹn á máa fà, á máa tì, á máa yí ẹ̀gbẹ́, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo bóòtù tó mú bọ́ńpà mọ́ ṣáásì dáadáa. Kébù ààbò ní tirẹ̀, ara ṣáásì ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kó gba abẹ́ irin ìfàkọ̀ kọjá ní àgbélébùú.

Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń béèrè bíréèkì fún ohun tí à ń fà tó bá ti kọjá páùn 3,000. Ẹ̀yin ti kọjá iye yẹn tipẹ́. Ẹ ra bíréèkì àfikún tó ń tẹ pẹ́dàlì jíìpù, àti swíìṣì tó máa tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí jíìpù bá já.

Ní ti jíà, transfer case (àpótí jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn) ni kẹ́ ẹ fi sí fíríì, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe tò ó. Ẹ dán an wò: ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí rífáàsì, lẹ́yìn náà sí D. Jíìpù kò gbọdọ̀ mira rárá. Ẹ rántí pé tí transfer case bá ti wà ní fíríì, P kò di ọkọ̀ mú mọ́. Háńdì bíréèkì nìkan ló kù, ẹ má tú u títí irin ìfàkọ̀ á fi kọ́.

Ìyá Ìbejì: Tá a bá ṣìnà wọ ibi tí a ò lè yí ńkọ́?

Bọ̀dá Onítírélà: Ẹ má rìn sẹ́yìn rárá. Táyà iwájú jíìpù á yà, irin á tẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹlòmíì wà á jáde. Bí píìnì bá fún, ẹ sún RV síwájú díẹ̀ kó lè dẹ̀. Háńdì bíréèkì jíìpù lẹ ó kọ́kọ́ fà, kẹ́ ẹ tó yọ píìnì.