Gbèsè tí ọkọ mi kò mọ̀: ṣé kí n dá ìdámẹ́wàá dúró ná?

Ẹni tó béèrè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi nínú Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ata àti àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Ọkọ mi ń kọ́ni nílé-ìwé aládàáni, 60,000 náírà lóṣù. Tí ọjà bá dáa, èrè tèmi kì í ju 9,000 lọ lọ́sẹ̀. Ọmọ wa mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo gba owó gbọ́mú-lé-láńtà, owó èlé tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 100,000. Wọ́n yọ 10,000 pé owó ìpamọ́ ni, 90,000 ló dé ọwọ́ mi. Mo fi 40,000 ra aṣọ ẹbí òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Mo fi 30,000 san ìlérí tí mo ṣe fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. 20,000 tó kù ni mo fi ra ọjà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń san 5,500, fún ọ̀sẹ̀ 24. Tí owó ẹnì kan ò bá pé, gbogbo àwa tá a jọ gbà á ò ní kúrò níbi ìpàdé.

Ọkọ mi kò mọ̀. Inú àpò Bíbélì mi tó ní síìpù ni mo fi káàdì gbèsè náà sí, torí mo mọ̀ pé kì í tú u. Tí pásítọ̀ bá ní ká ṣí Bíbélì, káàdì yẹn lojú mi máa ń kọ́kọ́ bá. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, owó oúnjẹ ni mo kó lé wọn lọ́wọ́. Gàrí la mu sùn. Ìdámẹ́wàá nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn. Ṣé kí n dá a dúró títí gbèsè yóò fi tán? Ẹ̀rù Málákì 3 ń bà mí, níbi tí Ọlọ́run ti ní ẹni tó dá ìdámẹ́wàá dúró ń ja òun lólè.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ti jẹ irú ẹ̀ rí, mo mọ bí àyà ṣe ń já láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Má fọwọ́ kan ti Olúwa. Aṣọ yẹn ni kí o fọwọ́ kàn. Ṣé o ti rán an? Tí o kò bá tíì rán an, tà á. Ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ á gbà ọ́ pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpótí rẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù
Jésù ní ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, Lúùkù 14:28. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 5,500 lọ́nà 24 jẹ́ 132,000. 90,000 lẹ gbà. Bí wọ́n bá dá 10,000 yẹn padà, 32,000 lẹ ó fi lé e láàárín oṣù mẹ́fà tí kò pé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé 20,000 péré ló wọ ọjà. Àlùbọ́sà 20,000 lẹ ní kó ru 132,000! Kò lè rù ú. Ó ku ọ̀sẹ̀ 15, ìyẹn 82,500. Wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gba òmíràn fi dí i. Ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Àǹtí Aláṣọ, Ayétòrò
Ìyá Ìbejì, mo kúnlẹ̀ mà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá yẹn kò yé mi bẹ́ẹ̀. Opó tó tọ Èlíṣà lọ nínú 2 Àwọn Ọba 4, òróró ló ní kó tà, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àtàwọn ọmọ máa jẹ èyí tó kù. Wòlíì ò ní kó mú nǹkan kan wá fún òun. Pọ́ọ̀lù náà ní ohun téèyàn ní ni Ọlọ́run fi ń gba ọrẹ, kì í ṣe ohun tí kò ní, 2 Kọ́ríńtì 8:12. Owó èlé ni wọ́n fi san ìlérí yẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá.

Alàgbà, Ògo-Olúwa
Ẹ ti ń bára yín fa ìdámẹ́wàá, ibẹ̀ kọ́ ni ilé ti ń jò. Ọmọbìnrin mi, 60,000 ọkọ rẹ àti 9,000 tìrẹ, ẹ ò tíì jọ kó wọn sójú kan rí. Bí o bá dá san gbèsè yìí tán láìsọ fún un, wàá tún jẹ òmíràn.

Sọ fún un lálẹ́, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti sùn. Má fi sórí fóònù. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé aṣọ. Káàdì ni kí o kọ́kọ́ gbé fún un. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú tán. Mo ń gbàdúrà fún yín nísinsìnyí.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Mo sọ fún un lálẹ́ àná. Mo fa síìpù Bíbélì, mo gbé káàdì lé e lórí itan, ohùn mi ò jáde. Ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó fi ìka ka gbogbo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun náà jẹ 18,000 ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà ilé-ìwé, láti oṣù kẹta, òun ò sì mọ bóun ṣe máa sọ fún mi. Àwa méjèèjì sunkún.

A fa ewé ya nínú ìwé ọmọ wa, a kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní a jọ máa lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ọjọ́ Ajé, ká bẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n lè dín tọ̀sẹ̀-tọ̀sẹ̀ kù. Ní ti ìdámẹ́wàá, a máa kọ́kọ́ rí pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Léèsì aṣọ ẹbí náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, yáàdì márùn-ún pẹ̀lú gèlè, a ò tíì gé e. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní 35,000, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.