Kí ló ń pa iná tó ń mì nínú kóìlì?

Ará Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ fi bátìrì 9 V ṣáàjì kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná) 100 nF, ẹ yọ bátìrì kúrò, kí ẹ wá so kàpásítọ̀ náà mọ́ kóìlì (wáyà tí wọ́n yí) 10 mH. Lójú oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ), iná á máa lọ, á máa bọ̀, bí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í pẹ́ kú. Bí wáyà kóìlì bá ní 30 ohm, 9 V yẹn á ti já sí 3.3 V kó tó lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tán. Nígbà tó bá fi pé mẹ́wàá, kò tó 0.5 V mọ́. Wáyà ti sọ ìyókù di ooru. Ẹ máa fi rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) kún un díẹ̀díẹ̀: bí gbogbo rẹ̀ bá ti ju 632 ohm lọ, kò ní mì rárá, á kàn rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ará Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni, ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ohm nìkan kọ́. Kóìlì tí wọ́n yí sórí irin gidi náà ń pa á. Ferrite, irin dúdú tó dà bí amọ̀ sísun, ni kí ẹ lò.

Tí ẹ ò bá fẹ́ kó kú, ẹ fi kàpásítọ̀ 220 nF méjì tó tẹ̀lé ara wọn rọ́pò 100 nF yẹn (á wálẹ̀ sí 4.8 kHz). Ẹ mú tirasísítọ̀ BC547, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (kọlẹ́kítọ̀, béèsì, ẹ̀mítà) tó ń mú iná lágbára. Kọlẹ́kítọ̀ rẹ̀ lọ sórí kóìlì, àárín kàpásítọ̀ méjèèjì lọ sí ẹ̀mítà, kí fólúùmù (rẹsísítọ̀ tó ṣeé yí) 1 kilo-ohm wà láàárín àwọn méjèèjì yìí. Kàpásítọ̀ 10 µF ni kó so béèsì mọ́ ilẹ̀ (ground). Tirasísítọ̀ yìí ló ń ti iná náà lásìkò tó yẹ. Bí jangirọ́fà ni: ẹni tó tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀ wá bá a, dídá ló ń dá a dúró. Bí fólúùmù bá sún mọ́ 700 ohm, tirasísítọ̀ ò lè san ohun tí wáyà ń jẹ padà, mímì á kú. Bí ẹ bá dín fólúùmù kù gan-an, orí ìgbì á tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí bátìrì ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó sì rí róbótó, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ará Under G, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin ń wá bí kò ṣe ní kú, àwa onínverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) ń wá bí a ó ṣe pa á! Nínú inverter push-pull lórí bátìrì 12 V, drain MOSFET (ẹsẹ̀ kan lára tirasísítọ̀ tó ń tan iná, tó ń pa á; source ni ẹsẹ̀ kejì) ń gòkè dé 24 V. Mímì tó bá gun orí ìyẹn lè kọjá 55 V tí MOSFET IRF3205 lè gbà, ó sì parí nìyẹn. Láti pa á, ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 ohm àti kàpásítọ̀ 10 nF, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, láti drain sí source. Kí ẹsẹ̀ wọn kúrú o.