Kọ́bọ̀ oníhò 1936 tí mo bá nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ bá mi wò ó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń palẹ̀ yàrá ìyá àgbà wa mọ́ l'Ábẹ́òkúta ni mo bá rí owó oníhò mẹ́sàn-án tí wọ́n dì sínú àkísà, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lára wọn, ìkan wá ní 1936 pẹ̀lú EDWARDVS VIII, ìyẹn Ọba Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọba yẹn ò pé ọdún kan lórí oyè, pé mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà á. Ṣé lóòótọ́?

Èsì: Ti ìlú òyìnbó níbẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n o, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi dánra wò kí ọba náà tó gbé adé sílẹ̀ ní December 1936. Tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ò ní orí ọba, orúkọ àti adé nìkan ni, ìyẹn ni wọn ò fi dúró de àwòrán ẹ, wọ́n rọ ọ́ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe owó ńlá rárá.

Èsì: Wá lẹ́tà kékeré lójú ẹ, òun ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́. H ni ti Heaton ní Birmingham, KN ni King's Norton, tí ò bá sí lẹ́tà, Lọ́ńdọ̀nù ni. Jọ̀ọ́, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn fọ̀ ọ́! Àwọn tó ń kó o jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti họ.

Èsì: Ṣé kò sí tọ́rọ́ (owó pẹ́ńsì mẹ́ta) àti sísì (pẹ́ńsì mẹ́fà) ńbẹ̀? Àwọn tó ṣáájú 1920, fàdákà ni, lẹ́yìn ẹ ni wọ́n yí i sí idẹ pupa rúsúrúsú.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo rí KN. Mi ò tà á mọ́, ọwọ́ ìyá wa ló dì í.