Kí ló kan oníṣòwò sìgá nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́?

Nọ́ọ̀sì_Gqeberha:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo wakọ̀ láti Gqeberha lọ sí Graaff-Reinet, níbí ní Gúúsù Áfíríkà, mo sì yà sí ilé àwòrán kan, Hester Rupert Art Museum. Ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀, 1821 ni wọ́n kọ́ ọ. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní wọ́n fẹ́ wó o ni, Anton Rupert ló gbà á sílẹ̀, ó wá fi sọrí ìyá rẹ̀. Mo ní Rupert wo? Ó ní, "Rembrandt. Sìgá." Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́kàn. Ẹni tó ń ta sìgá, báwo ló ṣe di ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀ àṣà àwọn Afrikaner, àwọn òyìnbó tó ń sọ èdè Afrikaans? Àbí owó ló fẹ́ fi fọ ojú ara rẹ̀ mọ́?

Baba_Awakọ̀:
Àbúrò, o kú ìrìn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò gba ojú ọ̀nà yẹn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa jẹ búrẹ́dì mi títí wọn ó fi jáde.

Látinú òṣì ni ọ̀rọ̀ Rupert ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1932, ìgbìmọ̀ Carnegie gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òyìnbó tálákà Gúúsù Áfíríkà. Afrikaner ló pọ̀ jù nínú wọn, àgbẹ̀ tí ọ̀dá ti lé kúrò lóko. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló ni ibi ìwakùsà, àwọn náà ló ni ọ̀pọ̀ báńkì. Nígbà tó di 1938, ATKV, ẹgbẹ́ àṣà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dá sílẹ̀ ní 1930, kó kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà jáde, wọ́n gba Cape Town dé Pretoria láti ṣèrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìrìn àwọn baba ńlá wọn. Èèyàn sunkún lójú ọ̀nà. Pásítọ̀ arúgbó kan, J.D. Kestell, wá ní kí wọ́n fi ẹkún yẹn ṣe nǹkan: kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n gba ara wọn là. Ní oṣù kẹwàá 1939 ni FAK, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àṣà Afrikaner, pe ìpàdé ọrọ̀ ajé sí Bloemfontein. Ibẹ̀ ni kó o fojú sí o: ẹgbẹ́ àṣà ló pe ìpàdé owó! Ibẹ̀ ni Reddingsdaadbond ti jáde, ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba àwọn Afrikaner lọ́wọ́ òṣì, àti ilé iṣẹ́ ìdókòwò Federale Volksbeleggings.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Rupert nígbà náà. Ìṣègùn ló wù ú, owó ò sí, ó wá ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní yunifásítì Pretoria. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka tó ń rí sí òwò kéékèèké nínú Reddingsdaadbond. Ní 1941 ó dá ilé iṣẹ́ tábà Voorbrand sílẹ̀. Pọ́n-ùn 10 ni wọ́n máa ń ní ó fi bẹ̀rẹ̀; owó Federale Volksbeleggings tó wọ inú rẹ̀ ni àwọn tó ń pa ìtàn náà máa ń gbé mì. Ilé iṣẹ́ sìgá rẹ̀, Rembrandt, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Paarl ní 1948. Nígbà tó wá dá Historiese Huise sílẹ̀ ní 1966 láti máa tún ilé àtijọ́ ṣe, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àṣà ló sọ ọ́ di oníṣòwò.

Ìyàwó_Karoo:
Baba, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ fo ibì kan. Àwọn aláwọ̀ àdàlù ló ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Òfin Group Areas ti 1950, tó pín àdúgbò fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ló kó wọn kúrò láàárín ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ìyá ìyá ọkọ mi. Títí di òní, tá a bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ìyá ọkọ mi á sọdá sí òdìkejì títì. Stretch's Court ńkọ́? Ilé àwọn lébìrà ni, yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló dà báyìí. Ìlú kan náà ni wọ́n ti bí Robert Sobukwe, tó bá ìjọba apartheid jà, ní 1924, ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn Rupert. Ẹ wo ibi tí ìlú kan náà gbé àwọn méjèèjì lọ.

Baba_Awakọ̀:
Ìyàwó wa, ẹ jàre mi. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: Rupert fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan wà ní Paarl tí òun àti àwọn aláwọ̀ àdàlù á jọ ní ìdajì-ìdajì, Verwoerd, olórí ìjọba nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Rupert sì wọ Broederbond, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ àwọn Afrikaner, ó tún kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ò dá ilé ẹnikẹ́ni padà, mo mọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Gqeberha:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyàwó_Karoo, ṣé ìyá á gbà kí n wá kí wọn?

Ìyàwó_Karoo:
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kó o máa bọ̀ ní Sátidé, kó o má sì mú sìgá wọlé àwọn.